Ẹní Lórí Ẹní: Bí Ìmọ́lẹ̀ Ṣe Ń Pa Àwọ̀ Dà

Ẹ mú ẹní kan, irú èyí tí wọ́n fi ọ̀pá koríko tẹ́ẹ́rẹ́ tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ kí gbogbo ọ̀pá inú rẹ̀ kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Ẹ mú ẹní kejì, ẹ tẹ́ ẹ lé e lórí, ṣùgbọ́n kí ẹ yí i sí ọ̀tún díẹ̀ bíńtín. Ẹ yí ẹ̀kẹta díẹ̀ ju èkejì lọ, ẹ yí ẹ̀kẹrin díẹ̀ ju ẹ̀kẹta lọ. Bí ẹ bá ń bá a lọ bẹ́ẹ̀, ẹní kan ń bọ̀ tí yóò ti yí po pátápátá, tí ọ̀pá rẹ̀ yóò tún kọjú sí ẹnu ọ̀nà bíi ti àkọ́kọ́. Yípo kan ti pé. Ẹ fi okùn wọn òkìtì náà láti ilẹ̀ dé ibẹ̀: gíga yípo kan nìyẹn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbàgbé ìwọ̀n yìí, nítorí òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ rọ̀ mọ́.

Nínú ohun tí à ń sọ, ọ̀pá koríko kọ̀ọ̀kan jẹ́ mólékù kan, gíga yípo kan sì lè jẹ́ nǹkan bí 300 tàbí 400 nánómítà péré. Bí a bá mú mílímítà kan ṣoṣo, ààlà tó kéré jù lọ lára rúlà ọmọ ilé-ìwé, tí a pín in sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni nánómítà. Òkìtì yìí kò dúró gbagidi bí òkúta, kò sì tú ká bí omi. Ó ń ṣàn, síbẹ̀ àwọn mólékù rẹ̀ kò gbàgbé ibi tí wọ́n kọjú sí. Kírísítálì olómi ni wọ́n ń pe irú nǹkan bẹ́ẹ̀, èyí tó sì ń yí bí ẹní wa ni wọ́n ń pè ní cholesteric. Ká sọ òtítọ́, kò sí ẹní kan tó dá dúró nínú rẹ̀. Yíyí náà ń lọ geere láìsí ààlà láàárín ẹní kan sí èkejì. Ẹní kàn jẹ́ ohun tí ojú wa lè rí ni.

Ọ̀dọ̀ kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù ni orúkọ náà ti wá. Ní 1888, ní ìlú Prague, Friedrich Reinitzer, onímọ̀ ewéko ọmọ ilẹ̀ Austria, ń ṣe ìwádìí lórí kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù tí wọ́n yọ lára kárọ́ọ̀tì. Ó sọ ọ́ di èròjà kan tó ń jẹ́ cholesteryl benzoate, ó sì gbé e ká iná. Nígbà tí ìgbóná rẹ̀ dé 145.5°C, èròjà náà yọ́, ṣùgbọ́n omi rẹ̀ kò mọ́, ó rú. Ohun tó bá ti yọ́ ti yọ́, ohun tí gbogbo ayé mọ̀ nìyẹn. Àmọ́ nígbà tó dé 178.5°C, ohun kan náà tún yọ́ lẹ́ẹ̀kejì, ó wá mọ́ gaara. Bí ó sì ti ń tutù bọ̀, àwọ̀ búlúù àti àlùkò ń dán lára rẹ̀, wọ́n ń wá, wọ́n ń lọ. Reinitzer kò dákẹ́ lórí ohun tí kò yé e. Ó kọ lẹ́tà sí Otto Lehmann, onímọ̀ físíìsì ilẹ̀ Jámánì tó ní máíkírósíkóòpù tí a lè mú ohun abẹ́ rẹ̀ gbóná kí a sì máa wò ó. Lehmann wò ó títí, ó sì pè é ní kírísítálì tó ń ṣàn. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ìgbà náà kò gbà fún un. Wọ́n ní ìdọ̀tí ló wà nínú rẹ̀. Ó di 1922 kí Georges Friedel, ọmọ ilẹ̀ Faransé, tó pín àwọn kírísítálì olómi sí ìdílé ìdílé, tó sì fún cholesteric ní orúkọ tó ń jẹ́ títí dòní.

Kí ló wá mú àwọ̀ náà wá? Aró inú àdìrẹ ń mú àwọ̀ wá nípa gbígbé apá kan ìmọ́lẹ̀ mì: ẹ̀lú gbé pupa àti òfeefèé mì, búlúù ló kù tó ń padà sí wa lójú. Cholesteric kò gbé nǹkan kan mì. Bí ó ṣe tò ló fi ń ṣe é. Ìmọ́lẹ̀ ń rìn ní ìgbì, ìgbì àwọ̀ kọ̀ọ̀kan sì ní gígùn tirẹ̀. Nínú òkìtì wa, ìgbì tí gígùn rẹ̀ bá gíga yípo kan mu ni òkìtì náà ń dá padà. Ó ń jẹ́ kí ìyókù kọjá. Ìgbì ìmọ́lẹ̀ máa ń kúrú bó bá wọ inú ohun tó ki ju afẹ́fẹ́ lọ, nínú irú ohun yìí ó sì máa ń kúrú ní ìwọ̀n nǹkan bí 1.5. Nítorí náà, bí gíga yípo kan bá jẹ́ 350 nánómítà, ẹ ká a lọ́nà 1.5, ẹ ó rí 525: àwọ̀ ewé nìyẹn. Bí ẹ bá na òkìtì náà tí yípo kan fi di 440, àwọ̀ rẹ̀ bọ́ sí 660, ó di pupa. Bí ẹ bá fún un pọ̀ tó di 300, ó bọ́ sí 450, ó di búlúù. Èròjà kan náà ni o. Kò sí ẹni tó da aró kankan sí i.

Ẹ rántí pé ọ̀tún la yí àwọn ẹní wa sí. Ká ní òsì ni, òkìtì mìíràn ni ì bá jẹ́, bí gíga rẹ̀ tilẹ̀ bá ti àkọ́kọ́ mu régí. Ẹ lè dà á dojú délẹ̀, ẹ lè gbé e yípo, yíyí òsì kò ní di yíyí ọ̀tún, gẹ́gẹ́ bí ọwọ́ òsì yín kò ṣe lè di ọwọ́ ọ̀tún láéláé. Ohun tó bá ní irú ẹ̀dá yìí ni àwọn onímọ̀ ń pè ní chiral. Louis Pasteur ti fi í hàn ní 1848, nígbà tó jókòó ti kírísítálì iyọ̀ kan tí orísun rẹ̀ jẹ́ ásíìdì inú èso àjàrà, tó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣà wọ́n: ọlọ́wọ́ òsì lọ́tọ̀, ọlọ́wọ́ ọ̀tún lọ́tọ̀. Nínú kírísítálì olómi, ìwà mólékù yìí ń ran àwọn ará ilé. Ẹ mú èyí tí kò yí rárá, tí gbogbo ọ̀pá rẹ̀ kọjú sí ibì kan ṣoṣo láti ìsàlẹ̀ dé òkè, kí ẹ da ìwọ̀nba díẹ̀ mólékù ọlọ́wọ́ kan sínú rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Bí ẹ bá fi kún un, yíyí náà yóò fún sí i, gíga yípo kan yóò sì kúrú sí i. Nínú gbogbo ẹ̀kọ́ yìí, kò sí ohun tó yà mí lẹ́nu tó èyí: pé àwọn díẹ̀ láàárín ọgọ́rùn-ún lè sọ ibi tí gbogbo ìyókù yóò kọjú sí, àti pé ojú lásán ni a fi ń rí ìdájọ́ wọn, gẹ́gẹ́ bí àwọ̀.

Ìmọ́lẹ̀ náà lè ní ọwọ́. Ó lè máa yí sí òsì tàbí sí ọ̀tún bí ó ti ń lọ, ìmọ́lẹ̀ oòrùn sì kó méjèèjì pọ̀ lọ́gbọọgba. Òkìtì tó yí sí ọ̀tún ń dá èyí tó ń yí sí ọ̀tún nìkan padà, ó ń jẹ́ kí ti òsì kọjá. Ìdí nìyí tí kì í fi í dá ju ìdajì padà lọ nínú àwọ̀ tó jẹ́ tirẹ̀. Ìdí sì nìyí tí ó fi máa ń dán jù lọ lórí ohun dúdú, nítorí dúdú ń gbé ìmọ́lẹ̀ tó kọjá mì, kò ní jẹ́ kó padà wá da àwọ̀ náà rú.

Àwọn kòkòrò ti mọ ọgbọ́n yìí tipẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó gbé kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù ká iná. Ní 1911, Albert Michelson, ará Amẹ́ríkà tó ti gba ẹ̀bùn Nobel nínú ẹ̀kọ́ físíìsì ní 1907, ṣàkíyèsí pé ìmọ́lẹ̀ tó ń padà láti ara kòkòrò aláwọ̀ wúrà kan ń yí bí ó ti ń bọ̀. Ìyẹ́ líle ẹ̀yìn kòkòrò náà ló tò bí ẹní wa. Ìbátan rẹ̀ kan, Chrysina gloriosa, ń gbé ní gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà lẹ́bàá Mẹ́síkò. Ewé tútù ni àwọ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá wò ó láti inú gíláàsì tó ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ ọlọ́wọ́ òsì kọjá, ó ń dán. Bí ẹ bá pààrọ̀ rẹ̀ sí gíláàsì ọlọ́wọ́ ọ̀tún, àwọ̀ náà pòórá, kòkòrò di dúdú. Nínú igbó Áfíríkà tiwa náà, èso kan wà tó ń jẹ́ Pollia condensata, búlúù rẹ̀ ń kọ mànà bí irin dídán. Ní 2012, Silvia Vignolini àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé kò sí aró búlúù kankan nínú rẹ̀. Okùn tín-ín-tìn-ìn-tín inú èèpo rẹ̀ ló ń yí. Ohun tó tún jẹ́ ìyanu ni pé lára èso kan ṣoṣo, àwọn ibì kan ń yí sí òsì, àwọn ibì kan ń yí sí ọ̀tún.

Ọgbọ́n yìí ti wọ ilé ọ̀pọ̀ nínú wa láìsọ orúkọ ara rẹ̀. Pátákó pẹlẹbẹ dúdú tí àwọn ọmọdé ń fi ọ̀pá kọ nǹkan sí, tí àmì àwọ̀ ewé ń yọ, tí gbogbo rẹ̀ sì ń pa rẹ́ bí wọ́n bá tẹ bọ́tìnnì kan, àwọn tó ń tà á ń pè é ní LCD tablet. Kent Displays, ilé-iṣẹ́ kan ní ìlú Kent, ìpínlẹ̀ Ohio, ló gbé èyí tó ń jẹ́ Boogie Board jáde ní 2010, àwọn mìíràn sì tẹ̀ lé e. Kò sí yíǹkì níbẹ̀. Kí a tó kọ nǹkan sí i, àwọn òkìtì inú rẹ̀ sùn kátikàti, ìmọ́lẹ̀ ń gba àárín wọn kọjá lọ bá ẹ̀yìn dúdú. Bí ọmọ bá fi ọ̀pá tẹ ibì kan, kírísítálì olómi ibẹ̀ ṣàn, àwọn òkìtì nàró, wọ́n sì ń dá àwọ̀ ewé padà. Iná bátìrì tí bọ́tìnnì ń fi ránṣẹ́ ló tún ń dà wọ́n dùbúlẹ̀. Láàárín méjèèjì, kì í jẹ iná rárá. Ẹ dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ẹ wò ó láti igun, ẹ ó rí i pé àwọ̀ náà ń sún sí ìhà búlúù. Pélébé tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ iwájú orí ọmọ láti mọ̀ bóyá ara rẹ̀ gbóná, ìdílé yìí kan náà ni: ooru ló ń pa gíga yípo kan dà níbẹ̀.

Ọwọ́ ọmọ, iná bátìrì, ooru ara. Ohun tí mo tìtorí rẹ̀ mú kálámù ni ìkẹrin wọn: kí ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀ máa pa á dà.

Mólékù tó ń ṣe iṣẹ́ náà jù lọ ni azobenzene, tí wọ́n ti mọ̀ láti 1834. Ọ̀pọ̀ aró òfeefèé àti pupa tí àwọn ilé-iṣẹ́ aṣọ ń lò, ẹbí rẹ̀ ni. Òrùka kárbọ́ọ̀nù méjì ni, átọ̀mù náítírójìn méjì ló so wọ́n pọ̀ láàárín. Bí a bá fi í sílẹ̀, ó gùn gbọọrọ, nǹkan bí 0.9 nánómítà ló wà láàárín ìpẹ̀kun rẹ̀ méjèèjì. Ní 1937, G. S. Hartley fi hàn pé ìmọ́lẹ̀ lè tẹ̀ ẹ́. Bí ìmọ́lẹ̀ UV tí ojú wa kò rí, èyí tí ìgbì rẹ̀ tó nǹkan bí 365 nánómítà, bá bà á, oríkèé àárín rẹ̀ á ṣẹ́ kọ́rọ́, ìpẹ̀kun méjèèjì á súnmọ́ ara wọn di nǹkan bí 0.55 nánómítà. Bí ìmọ́lẹ̀ búlúù bá bà á, á nà padà. Bí a bá fi í sínú òkùnkùn, ooru yàrá náà á nà án padà díẹ̀díẹ̀.

Ẹ wá fi irú mólékù bẹ́ẹ̀ sáàárín àwọn ọ̀pá inú ẹní wa, kí òun náà sì jẹ́ ọlọ́wọ́ kan. Nígbà tó gùn gbọọrọ, ó bá wọn tò dáadáa, wọ́n sì ń gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Nígbà tó bá ṣẹ́ kọ́rọ́, kò bá wọn dọ́gba mọ́. Ó ń ti àwọn tó yí i ká, agbára tó fi ń yí wọn sì pa dà. Lọ́pọ̀ ìgbà, agbára náà ń dínkù. Gíga yípo kan á wá gùn sí i, àwọ̀ á kúrò ní búlúù bọ́ sí ewé, á kúrò ní ewé bọ́ sí pupa. Bí ìmọ́lẹ̀ búlúù bá tàn sí i, á gba ọ̀nà tó gbà lọ padà. Bí àwọn mólékù tó ṣẹ́ kọ́rọ́ bá sì pọ̀ jù, ẹní á tú pátápátá, omi lásán ló kù, àwọ̀ á lọ. Erich Sackmann, onímọ̀ ilẹ̀ Jámánì, ló gbé ìròyìn jáde ní 1971 pé ìmọ́lẹ̀ lè pa àwọ̀ cholesteric dà síwá sẹ́yìn lọ́nà yìí. Ní fásitì ìpínlẹ̀ tó wà ní ìlú Kent, níbi tí Glenn Brown ti dá ilé ìwádìí kírísítálì olómi sílẹ̀ ní 1965, Quan Li àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe àwọn azobenzene ọlọ́wọ́ kan tó lágbára débi pé ìmọ́lẹ̀ nìkan ń gbé àwọ̀ la búlúù, ewé àti pupa kọjá.

Ní ìlú Groningen, ní ilẹ̀ Netherlands, Ben Feringa gba ọ̀nà mìíràn. Ní 1999, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe mólékù kan tó ń yí apá rẹ̀ kan yípo ní ọ̀nà kan ṣoṣo bí ìmọ́lẹ̀ bá bà á, ẹ̀rọ tí ojú kò lè rí. Bí ẹ̀rọ náà ti ń yí, ó ń kúrò ní ọlọ́wọ́ kan, ó ń di ọlọ́wọ́ kejì. Ẹ wo ohun tí èyí túmọ̀ sí fún òkìtì wa: kì í ṣe pé yíyí rẹ̀ dẹ̀ tàbí ó fún nìkan, ó lè kúrò ní ọ̀tún kó bọ́ sí òsì. Ní 2006, wọ́n fi ìwọ̀n kan nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀rọ yìí sínú kírísítálì olómi tó tẹ́ bí awọ fẹ́lẹ́, wọ́n gbé ọ̀pá gíláàsì kékeré kan tí gígùn rẹ̀ jẹ́ 28 nínú ìdá ẹgbẹ̀rún mílímítà lé e lórí, wọ́n sì tan ìmọ́lẹ̀ sí i. Bí àwọn ẹní tó wà nísàlẹ̀ ti ń tún ara wọn yí, ọ̀pá gíláàsì náà bẹ̀rẹ̀ sí í yí lójú máíkírósíkóòpù. Ọ̀pá yẹn fi ìlọ́po ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá tóbi ju mólékù tó ń yí i lọ. Feringa, Jean-Pierre Sauvage àti Fraser Stoddart jọ gba ẹ̀bùn Nobel nínú kẹ́mísìrì ní 2016 fún àwọn ẹ̀rọ mólékù. Bí mo bá ní àyè láti rí àyẹ̀wò kan ṣoṣo pẹ̀lú ojú ara mi nínú gbogbo ìtàn yìí, ti ọ̀pá gíláàsì yẹn ni n óò yàn.

Ní 2016 yẹn náà, Zhi-gang Zheng, Quan Li àti àwọn mìíràn tún fi ìmọ́lẹ̀ da odindi òkìtì dùbúlẹ̀ láti ìnàró, wọ́n sì ń yí i kiri ní ìdùbúlẹ̀. Òkìtì tó nàró ń ṣe bíi dígí aláwọ̀. Èyí tó dùbúlẹ̀ ń pín ìtànṣán tó bá a sí apá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, bí wọ́n bá sì yí i, àwọn ìtànṣán náà yóò yí tẹ̀ lé e. Wọ́n ń fi ìmọ́lẹ̀ darí ìmọ́lẹ̀, láìsí wáyà, láìsí ọwọ́ tó kàn án.

Kí ni a ó fi ṣe? Ìdáhùn pọ̀, ojúgbà kọ́ sì ni gbogbo wọn lójú mi. Àmì ìdáàbòbò lára ìwé àti ọjà, tí àwọ̀ rẹ̀ ń yí bí a bá tan ìmọ́lẹ̀ sí i, wúlò. Lésà tí a lè pa àwọ̀ rẹ̀ dà wúlò fún àwọn tó mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi í ṣe. Èyí tó kan àwa tí oòrùn ń pa ni fèrèsé. Bí a bá jẹ́ kí gíga yípo kan gùn ju ti pupa lọ, òkìtì náà á máa dá apá ìmọ́lẹ̀ oòrùn tí ojú kò rí padà, apá tó ń mú yàrá gbóná, á sì jẹ́ kí èyí tí a fi ń ríran wọlé. Apá tí ojú kò rí yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì agbára tí oòrùn ń kó dé ilẹ̀. Àwọn onímọ̀ ní ìlú Eindhoven, ní ilẹ̀ Netherlands kan náà, ti ń ṣiṣẹ́ lórí irú fèrèsé bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ wọn tutù ju tiwa lọ fíìfíì, àwa la nílò rẹ̀ jù.

Ìṣòro wà o. Ìmọ́lẹ̀ UV tí azobenzene fẹ́ràn máa ń ba àwọn mólékù mìíràn jẹ́ bó bá pẹ́. Ọ̀pọ̀ azobenzene kì í dúró ní ṣíṣẹ́ kọ́rọ́. Láàárín wákàtí tàbí ọjọ́ díẹ̀, ooru ti nà wọ́n padà. Ooru kan náà ń yí gíga yípo kan padà fúnra rẹ̀, débi pé ẹni tó fẹ́ mọ ohun tí ìmọ́lẹ̀ ṣe gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kó ìgbóná yàrá ní ìjánu. Ní 2012, Stefan Hecht àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí ọ̀nà àbáyọ kan: wọ́n fi átọ̀mù fluorine sí ìtòsí oríkèé azobenzene. Ìmọ́lẹ̀ ewé ń ṣẹ́ ẹ kọ́rọ́, ìmọ́lẹ̀ búlúù ń nà án, kò sí UV níbẹ̀ rárá. Nínú ìgbóná yàrá lásán, ó tó nǹkan bí ọdún méjì kí ìdajì wọn tó nà padà. Èmi gbà pé ọ̀nà yìí ni iṣẹ́ náà yóò gbà tó fi máa jáde kúrò ní yàrá ìwádìí.

Ẹ̀yin olùkọ́ kẹ́mísìrì àti físíìsì ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ girama wa, mo ní ẹ̀bẹ̀ kan. Orúkọ kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù kì í dé etí àwọn ọmọ wa àfi bí ọ̀tá ọkàn àti ohun tí dókítà ń kìlọ̀ fún àwọn òbí wọn. Ẹ sọ fún wọn pé òun náà ló kọ́kọ́ fi kírísítálì olómi han ayé. Ẹ sọ ti ìgbà méjì tó yọ́ fún wọn, kí ẹ sì sọ iye ìgbóná rẹ̀, 145.5 àti 178.5. Lẹ́yìn náà, ẹ bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n rò pé ó fà á kí ẹ tó fún wọn ní ìdáhùn.